Ara Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Oògùn Ìrora, Ọkàn Ò Tíì Bọ́: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa La Àwọn Ọ̀sẹ̀ Yẹn Kọjá

Ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀ ló kàn ń yàtọ̀: "Mo ti dá oògùn ìrora tí dókítà kọ fún mi dúró, ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, èébì ti lọ, òógùn tútù ti lọ, kí wá ló dé tí mo ṣì ń sunkún láìnídìí, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ mi, tí mo ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn?" Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sójú kan, kẹ́ ẹ lè máa padà wá wò ó.

Oògùn tí mò ń sọ ni codeine, tramadol, morphine, oxycodone, hydrocodone, fentanyl tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní opioid. Paracetamol àti ibuprofen ò sí lára wọn.

Èmi náà ti débẹ̀ rí o. Oṣù 14 ni mo fi lo codeine lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, dókítà ló kọ ọ́, bó ṣe ní kí n lò ó náà ni mo ṣe lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún tí mo dá a dúró, bọ́tìnì kan já lára ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀, mo bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo di bọ́tìnì funfun kékeré yẹn mọ́wọ́, mo sunkún títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi rin gbingbin. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé irú ẹ̀ ń bọ̀. Ara ló máa ń kọ́kọ́ bọ́, ọkàn máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, àárín méjèèjì yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sídìí oògùn torí wọ́n rò pé báyìí làwọn á ṣe wà títí ayé.

## Ẹ ka èyí kó tó di nǹkan míì

- Tẹ́ ẹ bá ṣì ń lò ó, ẹ má já a lójijì. Lọ́dún 2019, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé tí wọ́n bá ṣàdédé gba oògùn yìí lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ́ lára, ó lè fa ìrora tí ò ṣeé mú mọ́ra, ìdààmú ọkàn tó lágbára, kódà ó lè mú kéèyàn gbẹ̀mí ara ẹ̀. Ìlànà tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé ẹni tó ti lò ó fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 10 nínú 100 lóṣù kan tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kó máa fi dín in kù.
- Tẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ má dá a dúró fúnra yín rárá, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá.
- Tẹ́ ẹ bá tún ń lo diazepam, lorazepam, alprazolam tàbí irú wọn (àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún àìbalẹ̀ ọkàn tàbí àìróorunsùn), ẹ má pa méjèèjì pọ̀ dá dúró. Jíjá àwọn yẹn lójijì lè mú gìrì wá.
- Tó bá ti ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kẹ́ ẹ kú, ẹ má kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan gbé yín lọ sílé ìwòsàn báyìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ dọ̀la o.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Mi ò ní fa eléyìí gùn. Ara ní oògùn ìrora tó ń ṣe fúnra ẹ̀, endorphin ni wọ́n ń pè é. Opioid máa ń lọ jókòó sórí àga tó yẹ kí endorphin jókòó sí nínú ọpọlọ, bó bá sì ti ń ti ìta wọlé lójoojúmọ́, ọpọlọ á yáa ṣètò ara ẹ̀ bíi pé kò ní lọ mọ́. Dopamine tó ń jẹ́ kí nǹkan wuni, kó sì dùn mọ́ni, ti fara ti oògùn yẹn. Noradrenaline tó ń jẹ́ kí àyà lù kìkì, oògùn ló ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí, ọjọ́ tí oògùn kúrò ló ta gìrì dìde. Ẹ wá wò ó: ohun tó ń múni láyọ̀ ti lọ sílẹ̀, ohun tó ń kó jìnnìjìnnì báni ti gòkè, ṣé ó yẹ kó yà yín lẹ́nu pé ẹ ń sunkún?

Kó mọ́ ara ò sọ yín di ajòògùnyó. Ẹni tó bá lo oògùn yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí dókítà ṣe ní kó lò ó gẹ́lẹ́, ó lè mọ́ òun náà lára.

## Bó ṣe sábà máa ń lọ

- Èyí tí kì í pẹ́ lára (codeine, tramadol àti oxycodone, tí kì í bá ṣe irú èyí tó ń tú jáde díẹ̀ díẹ̀ nínú ara): ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ara á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 4 sí 10.
- Èyí tó ń pẹ́ lára, bíi methadone: wákàtí 12 sí 48 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ 10 sí 20.
- Ti ọkàn: ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè di oṣù mélòó kan fáwọn míì. Àìróorunsùn, inú fùfù, àìbalẹ̀ ọkàn, kí gbogbo nǹkan kàn tẹ́ lẹ́nu, kí oògùn yẹn máa wuni lójijì.

Ti ọkàn yìí kì í lọ tààrà. Bí ìgbì omi ló ṣe ń wá, ẹ lè ní ọjọ́ mẹ́rin tó dáa, kí ìkarùn-ún wá burú bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ karùn-ún yẹn ló ń tan èèyàn jẹ jù.

## Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ní ìtẹ̀léra

1. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ọkàn ló kù.
Ọ̀pọ̀ wa, tí dókítà bá ti béèrè pé báwo lara, àá ní "ara ti le," ó parí síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò rí oorun sùn, mò ń sunkún, nǹkan ò dùn mọ́ mi, oògùn yẹn ṣì ń wù mí. Tẹ́nu yín ò bá gbà á, ẹ kọ ọ́ síwèé kẹ́ ẹ nà án sí i. Nǹkan tó lè ṣe pọ̀:

- Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yára já a jù, ó lè dá yín padà sórí ìwọ̀n kékeré, kẹ́ ẹ tún máa dín in kù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí ò túmọ̀ sí pé ẹ kùnà o, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
- Clonidine tàbí lofexidine máa ń mú kí àyà tó ń lù àti ara tí ò lélẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, torí náà ẹ má lọ fúnra yín rà á.
- Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó bá rí i pé ó kan yín. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ karùn-ún.
- Tó bá jẹ́ pé wíwù tí oògùn ń wù yín ti ju agbára yín lọ, buprenorphine tàbí methadone wà, opioid làwọn náà, àmọ́ lọ́wọ́ dókítà ìtọ́jú gidi ni, ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là.
- Oníṣègùn ọpọlọ tàbí agbaninímọ̀ràn tẹ́ ẹ lè máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

2. Ẹ sọ fún ẹnì kan.
Ẹyọ ẹnì kan ti tó. Ẹ yan ẹni tí kì í wàásù, tó lè gbé fóònù lóru. Tẹ́ ẹ ò bá mọ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́, ẹ fi báyìí ránṣẹ́: "Mo dá oògùn ìrora kan dúró, ó ń ṣe ọkàn mi bákan, dókítà mọ̀. Tí mo bá pè ẹ́, o ò ní láti sọ nǹkan kan, ṣáà bá mi jókòó sórí fóònù."

3. Ẹ kó èyí tó ṣẹ́ kù kúrò nílé.
Ẹ dá a padà sílé ìtajà oògùn tó ń gba oògùn àlòkù. Kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ "torí àìmọ̀," mi ò fara mọ́ ọn rárá, agogo mẹ́ta òru ni "àìmọ̀" yẹn máa ń dé. Ìdí míì tún wà tó jùyẹn lọ: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, ara ti gbàgbé bó ṣe ń gba oògùn yẹn, iye tẹ́ ẹ máa ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan lè dá èémí yín dúró lónìí. Ẹ béèrè naloxone lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn, oògùn tí wọ́n ń fín símú tàbí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ fún ẹni tí opioid fẹ́ pa ni, kẹ́ ẹ sì fi ibi tó wà han àwọn ará ilé. Tí wọ́n bá rí ẹni tí èémí ẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè ẹ̀ ń dúdú bí aró, tí wọ́n ń jí i tí kò jí, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì pe pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

4. Ẹ fi aago jíjí sójú kan.
Oorun ló máa ń pẹ́ jù kó tó padà. Ẹ má gbìyànjú láti fipá mú aago sísùn, aago jíjí lẹ lè pa láṣẹ. Tó bá jẹ́ agogo 6:30, agogo 6:30 ni, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ sun wákàtí méjì péré mọ́jú. Ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Kọ́fí ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síbòmíì tí iná ò pọ̀, kí bẹ́ẹ̀dì má bàa di ibi ìjà.

5. Ẹ rìn, ìṣẹ́jú 10.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 15. Ara tó ń mira máa ń ran endorphin lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má sáré débi tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún á fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun yín.

6. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín.
Eléyìí ló ṣòroó gbà jù. Wíwù gan-an ló ń ṣàìsàn, tẹ́ ẹ bá ní kó kọ́kọ́ wù yín kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan, ẹ máa dúró pẹ́. Ẹ mú nǹkan kékeré méjì lójúmọ́, ọ̀kan tó wúlò (fọ abọ́ kan, fèsì lẹ́tà kan), ọ̀kan tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ (orin kan péré, ọ̀rẹ́ kan péré), kẹ́ ẹ ṣe é láìbéèrè bóyá ó dùn. Níbẹ̀rẹ̀ kò ní dùn. Orin tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí, bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ṣe ń dún létí mi fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àfi bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ara mi tí mò ń kọ ọ́ lábẹ́nú.

7. Ẹ kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ lálaalẹ́.
Láti 0 dé 10, báwo lọkàn ṣe rí lónìí? Nọ́ńbà kan, ó tán. Tèmi lọ́sẹ̀ kẹta: 2, 3, 2, 5, 2, 4, 2. Lọ́sẹ̀ keje: 5, 4, 6, 3, 6, 7, 5. Lójú mi nígbà yẹn, ó dà bíi pé nǹkan kan ò yí padà, àmọ́ ìwé ò ní irú ọkàn tí mo ní, ohun tó rí ló kọ.

8. Ẹ sún ìpinnu ńlá síwájú.
Kíkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kíkọ ọkọ tàbí aya, títa ilé. Tí kì í bá ṣe pé ẹ̀mí yín wà nínú ewu níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yín dúró lórí 6 sókè fún oṣù kan ná.

## Tó bá ṣàdédé wù yín gan-an, tó ń gbóná lára yín

1. Ẹ wo aago. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ìdajì wákàtí lọ kó tó rọlẹ̀, ìdajì wákàtí yẹn nìkan lẹ ní láti là kọjá.
2. Ẹ kúrò nínú yàrá tẹ́ ẹ wà.
3. Ẹ bu omi tútù sójú.
4. Ẹ fa èémí sínú, ẹ ka 4, ẹ tú u síta, ẹ ka 6. Ìṣẹ́jú márùn-ún.
5. Ẹ bi ara yín: ṣé ebi ni? Ṣé inú ń bí mi? Ṣé mo dá wà? Ṣé ó ti rẹ̀ mí? Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú èyí tó bá jẹ́.
6. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ pe ẹni yẹn. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá ṣubú, tẹ́ ẹ ti lo ọ̀kan, ẹ má fi ìtìjú lo ìkejì. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn náà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà gbọ́.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Ọtí. Òun ló wọ́pọ̀ jù, "kí n lè rí oorun sùn." Ó máa ń gbé yín sùn lóòótọ́, á wá jí yín ní agogo méjì òru pẹ̀lú àyà tó ń já, ilẹ̀ á sì mọ́ tán kí ọkàn tún wúwo jù tàná lọ.

Yíyá diazepam lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Òun náà ń di bárakú, tẹ́ ẹ bá sì wá padà sí opioid lálẹ́ ọjọ́ kan, méjèèjì pa pọ̀ lè dá èémí dúró.

Loperamide lọ́pọ̀ yanturu. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni, àwọn kan ń gbé e mì bí ẹ̀pà torí opioid lòun náà. Tó bá ti pọ̀ jù, ó ń da lílù ọkàn rú, ó sì ti pa èèyàn. Ìwọ̀n tó wà lára páálí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Kratom, ewé igi kan, àti irú ẹ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí àga kan náà ló ń lọ jókòó sí nínú ọpọlọ.

Fífi ara yín wé ẹlòmíì. Ẹni tó lò ó fún oṣù méjì àti ẹni tó lò ó fún ọdún mẹ́fà ò lè jọ bọ́ lọ́jọ́ kan náà.

## Tó bá jẹ́ tramadol

Tramadol ní ọwọ́ méjì. Yàtọ̀ sí ti opioid, ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin (ohun kan nínú ọpọlọ tó ń kan bí ọkàn ṣe ń rí) àti noradrenaline bí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan ṣe ń ṣe, torí náà tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹ lè rí nǹkan tí ẹni tó jáwọ́ nínú codeine ò rí: ìpayà òjijì, ara tó ń ta ṣìnṣìn bí iná mànàmáná, kí ojú ayé dà bí àlá, kódà àwọn kan ń rí ohun tí ò sí níbẹ̀. Wèrè kọ́ ló fẹ́ mú yín. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ fún un pé tramadol ni. Kó tó fún yín ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá tramadol ṣì wà lára yín, torí àpapọ̀ àwọn méjèèjì léwu.

## Tí ìrora àtijọ́ bá tún jí

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìrora máa ń pariwo ju bó ṣe rí gan-an lọ, torí ara ti sọ ohùn gbogbo nǹkan sókè. Ó sì tún wà pé opioid fúnra ẹ̀ lè mú kí ara máa tètè mọ ìrora lára, àwọn míì máa ń rí i pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìrora tiẹ̀ dín kù sí ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Paracetamol àti ibuprofen wà (ibuprofen, tí ọgbẹ́ inú tàbí kíndìnrín ò bá yọ yín lẹ́nu), omi gbígbóná, ìtọ́jú físíò. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ ní kí wọ́n ṣètò ìrora yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ máa rọ́jú ìrora torí pé ẹ ti ṣèlérí.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn gbé

Ẹ má ní "ṣé kò tíì tán ni?" Ẹ má ka oògùn nínú àpò wọn lẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá jágbe mọ́ yín, ẹ lè sọ pé "mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń bọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan," kẹ́ ẹ sì padà lóòótọ́. Ẹ pè wọ́n rìn. Àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan.

## Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró, tí:

- ọkàn bá wúwo lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ọjọ́ kan tó sàn
- ẹ ò bá rí oorun sùn rárá fún òru mẹ́ta
- ẹ bá ń rí tàbí ń gbọ́ ohun tí ò sí, tàbí tí gìrì bá mú yín
- ẹ bá ti ń mu ọtí láti fi fara dà á
- ẹ bá ti ń wá oògùn yẹn kiri lọ́wọ́ èèyàn
- oúnjẹ àti omi ò bá dúró nínú yín

Èyí tó kù ni ti ọjọ́ iwájú. Lọ́jọ́ kan wọ́n lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí kí wọ́n yọ eyín. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé bírò: oògùn tẹ́ ẹ lò, iye oṣù tẹ́ ẹ fi lò ó, ọjọ́ tẹ́ ẹ dá a dúró, bó ṣe ṣe ọkàn yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí kì í ṣe opioid, tó bá sì di dandan, kó jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀ péré, kí ẹlòmíì tọ́jú ẹ̀, kó máa fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ti kọ tèmi sójú ìwé kan nínú fóònù, nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kẹta àti ti ọ̀sẹ̀ keje wà nísàlẹ̀ ẹ̀, dókítà tó máa kà á ò ní láti bi mí pé ṣé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.